Ìdájọ́ Lórí Ọbẹ̀ Ẹlòmíràn

Ìbéèrè kan wà tí àwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti jọ ń jiyàn lé lórí fún ìgbà pípẹ́, tí ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá wa rò. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ènìyàn bá ti san owó oúnjẹ rẹ̀ tí ó sì ti jẹ ẹ́ tán, ẹ̀tọ́ wo ni ó ní láti dìde ní gbangba kí ó wí pé ọbẹ̀ obìnrin yìí dára, ọbẹ̀ obìnrin ọ̀hún kò dára? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ń jẹun. Lójú ẹni tí ń ta oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá, nítorí pé nínú ìkòkò kan ṣoṣo yẹn ni owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wà, àti owó ilé tí ó ń gbé, àti owó tí yóò fi ra ẹja ọ̀la.

Ibereko tí àwa ń gbé wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó wá sí Agbádárìgì, tí ó sì ń lọ títí dé Sẹ̀mẹ̀ ní ẹnu ibodè. Ẹni tí ń lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ń gbà á. Nítorí náà kì í ṣe ará ilé nìkan ni àwọn olóúnjẹ wa ń tà fún. Awakọ̀ ń jẹ níbẹ̀, oníṣòwò ń jẹ níbẹ̀, àwọn tí ó wá láti òkè Yorùbá tí wọn kò rí òkun rí ń jẹ níbẹ̀. Bí àwọn tí ń jẹ ṣe yàtọ̀ síra ni àwọn tí ń sè pẹ̀lú yàtọ̀ síra. Yorùbá wà nínú wọn, àwọn Ògù tí a máa ń pè ní Ègùn wà nínú wọn, àwọn tí ìyá wọn ti òdìkejì ibodè wá sì wà pẹ̀lú. Bí ẹnìkan ti ń ta ọbẹ̀ ata tí a dín títí epo fi léfòó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkejì ń ta mọyọ, èyí tí àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu fẹ́ràn: tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tí a gé, tí iná kò fi bẹ́ẹ̀ kàn, tàbí tí iná kò tilẹ̀ kàn rárá, tí a ń jẹ pẹ̀lú ẹja díndín àti ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní akasa.

Àwa mọ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta mọyọ yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Èrò ọkọ̀ kan sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì wí fún gbogbo àwọn tí ó wà ní ibùdókọ̀ pé ìyá yìí ń fi ata tútù fún ènìyàn jẹ, pé kò ní sùúrù láti dín ata, pé owó igi ìdáná ni ó ń ṣọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ọ gbé e lọ, ẹni tí ó tún gbọ́ fi tirẹ̀ lé e. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ìyá náà ti ń gbé ìdajì oúnjẹ rẹ̀ padà sílé ní àṣálẹ́. Ọkùnrin náà kò purọ́ o. Ata náà tútù lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí, àti pé bí ìyá náà bá dín in, àwọn ará Kútọnu tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dúró ni yóò máa kùn.

Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, òun ni í wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. A máa ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni ó bá mu jùlọ nígbà tí wọ́n bá jókòó ti àwo ọbẹ̀. Ẹni tí ó dájọ́ yẹn kò dá ẹjọ́ mọyọ. Ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n, ó sì rí i pé mọyọ kì í ṣe ọbẹ̀ ìyá òun, ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti ọ̀nà jíjìn, kí ó má bàa dà bí ẹni pé a ń gbe ará ilé wa lẹ́yìn. Ní orílẹ̀-èdè Fiẹtnámù, ní ìhà gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní phở. Egungun màlúù ni wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí a ti fi iná sun, pẹ̀lú èèpo igi olóòórùn dídùn àti èso gbígbẹ kan tí ó rí bí ìràwọ̀. Wọ́n á da omi rẹ̀ lé orí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe, bí irú núdùlù tí àwọn ọmọ wa ń jẹ, wọ́n á sì to ẹran sí i lórí. Kì í ṣe ọbẹ̀ àtijọ́ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe ìjọba níbẹ̀, ni ó jáde ní apá àríwá, ní agbègbè Hanoi àti Nam Định. Ní ọdún 1954 a pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì ṣí láti àríwá lọ sí gúúsù, wọ́n gbé ọbẹ̀ wọn dání. Nígbà tí ogun parí ní 1975, àwọn tí ó sá jáde tún gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, Faransé, Ọsirélíà àti ibòmíràn, tí ó fi jẹ́ pé lónìí àwọn ènìyàn ń kọ ìwé ìdájọ́ lórí àwọn ilé phở ní ìlú púpọ̀ tí àwọn baba wọn kò gbọ́ orúkọ ọbẹ̀ náà rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà nìyí. Ní Hanoi, omi phở mọ́ kedere, ohun tí a ń fi sí i kò pọ̀: àlùbọ́sà eléwé, ata díẹ̀, ọtí kíkan tí a rẹ ááyù sínú rẹ̀. Ní gúúsù, omi náà dùn díẹ̀ bí ẹni pé a fi ṣúgà kàn án, wọ́n á sì gbé àwo ewé tútù ńlá wá fún ọ, pẹ̀lú ẹ̀wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ọsàn wẹ́wẹ́, àti ọbẹ̀ dúdú aládùn tí ènìyàn lè bù sí i. Ará àríwá dé ibẹ̀, ó ní wọ́n ti ba ọbẹ̀ jẹ́. Ará gúúsù dé Hanoi, ó ní wọ́n ṣahun. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Bí a bá gbọ́ ti ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, tí a sì dá ẹjọ́ lórí rẹ̀, a ti di ẹni tí òwe ń bá wí: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Fiẹtnámù jìnnà sí wa ju bí ó ti jìnnà lọ. Nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1946 títí di 1954 tí àwọn Faransé fi pàdánù ní Dien Bien Phu, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jà níbẹ̀, àwọn ọmọ Dahomey, tí à ń pè ní Benin láti 1975, sì wà nínú wọn. Àwọn kan nínú àwọn jagunjagun wọ̀nyí gbé ìyàwó níbẹ̀, wọ́n sì mú wọn bọ̀ wá sílé, pàápàá sí Sẹ̀nẹ̀gàlì. Àwọn obìnrin wọ̀nyí dé Dákà láìgbọ́ èdè, láìní ará, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ọwọ́ ara wọn wá oúnjẹ òòjọ́. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni nem ti wá, ohun kan tí a fi bébà ìrẹsì wé, tí a sì dín nínú òróró, tí ó ti di oúnjẹ òpópónà ní Dákà títí di òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Sẹ̀nẹ̀gàlì jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹran mìíràn fi sínú rẹ̀. Bí onídàájọ́ kan bá wá láti Hanoi lónìí, tí ó jẹ nem Dákà, tí ó sì wí pé èyí kì í ṣe ojúlówó, òótọ́ wo ni ó sọ? Opó jagunjagun kan yí oúnjẹ ìyá rẹ̀ padà kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lè jẹ ẹ́, kí ebi má sì pa àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa kò rí àbùkù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan á gbá ọ̀rọ̀ wa mú níhìn-ín, wọn á ní: ṣé kí a wá pa ẹnu wa mọ́ lórí ohun gbogbo nìyẹn? Rárá o. Èyí tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti adùn, adùn sì wà lọ́wọ́ ahọ́n olúkúlùkù. Ohun kan wà tí kì í ṣe ti ahọ́n. Bí ẹja bá ti ń rùn, ó ń rùn ní Hanoi, ó ń rùn ní Dákà, ó sì ń rùn ní Ibereko. Bí omi tí a fi ń fọ àwo bá dọ̀tí, kò sí àṣà ìbílẹ̀ tí ó lè sọ ọ́ di mímọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó yìí, ó sì gba ẹ̀mí. Oúnjẹ àti omi tí kò mọ́ ni àrùn náà fi ń wọlé sí ara ènìyàn. Ẹni tí ó rí ìdọ̀tí lọ́dọ̀ olóúnjẹ, tí ó sì dákẹ́ nítorí àánú, ọmọ tí yóò jẹun lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ṣàánú fún. A mọ irú àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rora dìde, wọ́n á kí ìyá olóúnjẹ, wọ́n á sì gba ibòmíràn lọ láti ọjọ́ náà láìsọ ọ̀rọ̀ kan. A kò lè pe èyí ní ìwà rere. Ìyá náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ fún, ní kọ̀rọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó bu omi náà láìjẹ́ pé òun mọ̀. Bí ó bá kọ̀ láti tún un ṣe, nígbà náà ni kí gbogbo ibùdókọ̀ gbọ́, a kò sì ní jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Ní ti àwọn tí ó sọ ìdájọ́ oúnjẹ di iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ Michelin ti Faransé, tí ń ṣe táyà ọkọ̀, ni ó lókìkí jùlọ. Ní 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn onímọ́tò, láti 1926 ni wọ́n sì ti ń fi ìràwọ̀ sí orúkọ ilé oúnjẹ tí ó wù wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń rán kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì máa ń san owó ohun tí wọ́n jẹ. Èyí dára púpọ̀. Ẹni tí a fi oúnjẹ ọ̀fẹ́ ṣe lálejò kò lè jẹ́rìí, bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó. Ìyìn tí ó bá sọ ti di owó oúnjẹ. Ní 2023 ni ìwé náà kọ́kọ́ dé Hanoi àti Ho Chi Minh City, wọ́n sì fi àwọn ilé phở mélòó kan sínú àwọn tí oúnjẹ wọn dára tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àwọn ènìyàn ti ń tò níwájú àwọn kan nínú ilé wọ̀nyẹn láti àárọ̀ kùtùkùtù kí onítáyà tó dé. Ìyìn pàápàá kì í sì í ṣe ohun tí kò lè pa ènìyàn lára: bí gbogbo ìlú bá rọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kan, àwọn méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, a máa jókòó ti ìkòkò kíkún.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dá wa lóhùn pé, owó mi ni mo ná, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Òótọ́ ni pé owó rẹ ni. Bí o kò bá fẹ́ padà lọ síbẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tí ó lè bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń yí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn padà kúrò níbẹ̀, o ti kúrò ní oníbàárà, o ti di ẹlẹ́rìí, a sì ní láti bi ẹlẹ́rìí léèrè ohun tí ó rí. Ìgbà mélòó ni o jẹ níbẹ̀? Ṣé òwúrọ̀ ni o dé, tàbí nígbà tí ìkòkò ti ń tán lọ? Ṣé o mọ ọbẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, tàbí ọjọ́ náà ni o kọ́kọ́ rí i?

Èyí tí ó le jùlọ ni ti obìnrin tí kò ní ẹ̀bi kankan, tí àwo rẹ̀ mọ́, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò dùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó ẹja kò sí lọ́wọ́ obìnrin yìí, bí a kò bá sì ra ọbẹ̀ rẹ̀, kò ní rí owó ẹja láéláé. Bí àlejò tí owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wà lápò rẹ̀ bá wá bi wá níbo ni kí òun ti jẹun, kí ni kí a wí? Ẹlẹgbẹ́ wa kan ní kí a yin obìnrin náà, pé irọ́ àánú ni. Àwa kò gbà fún un, nítorí owó àlejò náà pẹ̀lú, òógùn ni ó fi rí i. Ohun tí àwa máa ń wí ni pé: ti ìyá yìí mọ́, ó gbóná, ẹja inú rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ sì kéré. Ti ìyá tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà lẹ́ja, ó sì wọ́n jù ú lọ. Lẹ́yìn náà a ń jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ yàn.