Bàbá Tó Gba Àkọ́rọ̀ Gbọ́

Òjò àkọ́rọ̀ tó bá rọ̀ ní ìparí oṣù kejì máa ń dùn mọ́ àwọn ará agbègbè Lẹ́kkí Free Zone gidigidi. Eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 2023, tí wọ́n ti ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tírélà ò fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ tọ̀sántòru. Bí ọ̀wààrà kan bá wá dédé já lóru, tí eruku rọlẹ̀, tí imọ̀ àgbọn mọ́ tónítóní, ara á tu onílé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú òdòdó.

Bó ṣe rí fún bàbá kan níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní í dárúkọ wọn, torí wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì lágídí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé wọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn ọ̀sà dí ni, ọmọ wọn obìnrin sì fẹ́ ṣègbéyàwó lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́ tán, wọ́n ti pe ọmọkùnrin kan tó ń ta òdòdó létí títì nítòsí Ajah. Koríko kápẹ́ẹ̀tì ni kó fi bo gbogbo àgbàlá, ixora ni kó fi yí ọgbà ká, kó sì gbin hibiscus síwájú ilé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀," ni ọmọkùnrin náà wí. "Àkọ́rọ̀ lásán ni. Òjò ò tíì dé."

"Kí ló wá rọ̀ mọ́jú? Ṣé omi ẹ̀rọ ni?"

"Òjò ni, sà. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè lọ."

"Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ, tí o fi ń kọ́ mi ní òjò?"

Ẹni tó ń wá owó oúnjẹ kì í bá oníbàárà jiyàn títí. Ó gbowó, ó gbìn ín.

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ló jàre. Koríko mú ilẹ̀, ixora yọ ọ̀mùnú. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ lókè òkun. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ yí padà. Eruku tún dé, ojú sánmà ṣú funfun bíi ti ìgbà ọyẹ́, oòrùn sì ń yan yanrìn látàárọ̀ dalẹ́. Yanrìn tí wọ́n fà láti inú ọ̀sà kì í gba omi dúró. Èyí tí wọ́n bá bu sí i láàárọ̀ ti lọ kó tó di ọ̀sán. Bàbá ní kí wọ́n máa fa omi inú kànga ẹlẹ́rọ wọ́n ọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wá burú. Àárín ọ̀sà àti òkun ni Lẹ́kkí wà, iyọ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ omi kànga ibẹ̀. Iyọ̀ tó pọ̀ a sì máa ba ixora jẹ́. Etí ewé rẹ̀ kọ́kọ́ jó, ọ̀mùnú tútù tí àkọ́rọ̀ tàn jáde sì kú kí ewé àgbà tó kú. Koríko gbẹ, ó ká sókè létí bí ẹní tó ti gbó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àga àti kánópì ni wọ́n fi bo àṣírí ilẹ̀.

Nínú igbó kékeré tó kù lẹ́yìn ẹ́sítéètì wọn, òjò kan náà yẹn ti jí òdòdó kan tẹ́nikẹ́ni ò gbìn. Orí rẹ̀ pupa, ó rí rogodo, ó sì sábà máa ń yọ kí ewé rẹ̀ tó tẹ́. Scadoxus multiflorus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Òun náà gba àkọ́rọ̀ gbọ́, àmọ́ ó ní ìdí bíi ti àlùbọ́sà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tó ti kó oúnjẹ àti omi èṣí pamọ́ sí. Bí òjò bá lọ, òdòdó ọdún kan ló pàdánù. Ìdí rẹ̀ á sinmi. Ixora bàbá ò ní nǹkan kan nípamọ́. Inú ọ̀rá dúdú ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ohun tó fà á tí òjò fi ń dé tó tún ń padà lọ ò ju pé afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń gbé omi. Èkejì ń ti Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, òun ló ni ọyẹ́. Bí ọdún bá ṣe ń gòkè ni ti òkun ń ti èkejì lọ sókè, àmọ́ kì í lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á lọ, á fà sẹ́yìn, á tún lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kì í fi ka òjò kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò bí ọ̀dá ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tó ti sá gbin àgbàdo ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: á hù, á ga dé kókósẹ̀, á sì rọ, ó di dandan kó tún irúgbìn rà.

Níbi tó jẹ́ pé otútù ni wọ́n ń bá jà, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Àwọn èèyàn wa tó pọ̀ ní Maryland mọ igi ṣẹ́rì tó yí adágún omi Tidal Basin ká ní Washington dáadáa. Ìlú Tókíò ló fi 3,020 irú igi náà ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ lọ́dún 1912. Lóṣù kejì ọdún 2017, ooru mú níbẹ̀ bí ẹni pé ìgbà otútù ti kógbá sílé. Àwọn igi náà rudi, àwọn alábòójútó ọgbà sì sọ pé àárín oṣù kẹta ni wọn yóò tanná tán. Àárín oṣù kẹta yẹn gan-an ni otútù padà dé tòun ti yìnyín. Nǹkan bí ìdajì òdòdó àwọn igi Yoshino ló kú. Èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lotútù pa. Èyí tó ṣì di ara rẹ̀ mọ́ra yè é, òun náà ló sì tanná ní nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù náà. Àwọn àgbà ní ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni. Lórí igi ṣẹ́rì lọ́dún yẹn, wọn ò dọ́gba.

Nílé wa níbí, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún: ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti ibi tí ọ̀dá ti lè já wọ àárín. Bàbá ò kà á. Kí n má parọ́, ọmọkùnrin olódòdó náà ò kà á. Ojú tó fi ń wo sánmà létí títì ló fi mọ̀.

Oṣù karùn-ún ló padà lọ gbin òmíràn. Bàbá ní kó dín owó rẹ̀ kù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni èyí àkọ́kọ́ kú sí. Ó dín in kù. Ní báyìí, bí oníbàárà bá dé lẹ́yìn àkọ́rọ̀, á ní kó gbé ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, kó fi ìyókù sílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji òun títí òjò á fi fìdí múlẹ̀. Àwọn kan máa ń gbà. Àwọn yòókù a sọdá sí òdìkejì títì, níbi tí wọ́n á ti ta gbogbo rẹ̀ fún wọn, tí wọ́n á sì tún bá wọn gbé e sínú ọkọ̀.