Ìgbátí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Irin

Bíbélì Kíkà: Deuteronomi 22:8



Nínú ẹsẹ tí a kà yìí, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀bi rẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Àdúrà nìkan kọ́ ni Ó ní kí onílé gbà. Ó ní kí ó ṣiṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ yìí dé ojú irin tó gba Oṣòdì, Ìkẹjà àti Agége kọjá. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń sáré láti Èkó sí Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwa ìyá a máa gbé ẹrù lé orí, a ó pọn ọmọ, a ó sì gba orí irin kọjá nítorí pé afárá jìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ṣógunlé, ẹ̀mí 6 sì lọ sí i. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí bọ́ọ̀sì, kí ni ti ẹlẹ́sẹ̀?

Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ènìyàn. Bí ó bá ń sáré, ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì.

A jẹ́wọ́ pé àwa náà ti fa ọmọ lọ́wọ́ sáré kọjá rí, tí a sì pè é ní ìgbàgbọ́. Ìkánjú ni. Jésù pàápàá kò gbà láti bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì kí Ó lè dán Ọlọ́run wò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a di ìgbátí fún ọmọ wa àti aládùúgbò wa. Bí afárá bá wà, ẹ jẹ́ kí a gùn ún. Bí kò bá sí, kí a dúró, kí a wo ọ̀tún, kí a wo òsì, kí a tẹ́tí sílẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ti kọjá, kí a ní sùúrù: òmíràn lè máa bọ̀ lórí irin kejì. Kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ó tì í kọjá ní tààrà, kí táyà má baà há sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ wa mọ́. Àmín.