Ǹjẹ́ Ẹ̀bi Ni Ìgbàgbé Aláìsàn Bí?

Ọ̀ràn kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí a jọ rò ó: bí a bá fi nǹkan sí ìkáwọ́ ẹnìkan, tí àìsàn sì mú kí ó gbàgbé rẹ̀, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi bí?

Ohun tí ó mú mi bèèrè nìyí. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa, olùkọ́ni ni, tí ó ti ṣe akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá fún ọdún mọ́kànlá, tí kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àrùn jẹjẹrẹ mú un ní ọmú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fa oògùn sí i nínú iṣan fún oṣù púpọ̀. Ó yè é, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gba owó ẹnìkan, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ti ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ọmọ tí ó ń pè lójoojúmọ́ sì fò lọ lórí rẹ̀ níwájú kíláàsì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ń jẹ owó ẹgbẹ́. Èmi tí mo jẹ́ kátíkíìsì wọn kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo ní kí ó kó ìwé owó sílẹ̀ ná, kí ó lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìsinmi rẹ̀ nìkan ni mo ṣe wí bẹ́ẹ̀.

Ó kó ìwé náà wá láìjà. Ó ní, “Bàbá Kátíkíìsì, bí ẹ bá bi mí bóyá mo jalè, n ó ní rárá. Bí ẹ bá bi mí ibi tí owó wà, n kò mọ̀. Ó dà bí ẹni pé kùrukùru bo orí mi.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo sì tọ oníṣègùn kan lọ.

Oníṣègùn náà kọ́ mi pé oró ni oògùn tí a fi ń pa jẹjẹrẹ, àti pé inú ọ̀ràn ogun ni ó ti jáde wá. Ní 1942, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn kan tí ó bá gáàsì olóró ogun 1914 sí 1918 tan tọ́jú aláìsàn kan, kókó ara rẹ̀ sì sún kì fún ìgbà díẹ̀. Nítorí ogun tí ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó di 1946 kí a tó kéde rẹ̀. Láti ìgbà náà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n wọn a máa ba rere jẹ́ pẹ̀lú búburú: irun a máa já, ẹnu a máa bó, ẹ̀jẹ̀ a máa dín, iyè ọ̀pọ̀ aláìsàn a sì máa ṣú. Àrùn náà fúnra rẹ̀, àìrí oorun sùn àti àníyàn a máa dá kún un. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń fúyẹ́ láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú. Fún àwọn mìíràn, a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí i: irun tí ó já, gbogbo ayé rí i, wọ́n sì káàánú. Iyè tí ó ṣú, ojú kò rí i, nítorí náà a fún un ní orúkọ búburú: a ní ọ̀lẹ ni, a ní aláìbìkítà ni, a ní olè ni.

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹni tí ó gbàgbé àti ẹni tí ó kọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Lóòótọ́, àdánù náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Àìsàn lè gba ìrántí lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè gba òtítọ́ inú lọ́wọ́ rẹ̀. A padà rí owó náà, a dì í sínú gèlè kan, kò dín. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí i ńkọ́? Ṣé ìwà ọdún mọ́kànlá ì bá sọnù pẹ̀lú rẹ̀ ni?

Síbẹ̀ n kò wí pé aláìsàn kò ní ojúṣe. Ẹni tí ó mọ̀ pé àpò òun ti lu, tí ó ń kó owó sínú rẹ̀ láìrán an, kò lè di ẹ̀bi ru àpò. Obìnrin yìí rán tirẹ̀. Ó ra ìwé kékeré kan, ohun gbogbo ni ó ń kọ sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ó ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Kì í ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Òwúrọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ni ó ń ṣírò owó. Ó ń rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń tètè sùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún oníṣègùn rẹ̀. Èyí tí ó le jùlọ ni pé ó kọ́ láti wí láìtijú pé, “Mo lè gbàgbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán mi létí.”

Ó ku ojúṣe tiwa. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. A dá ìwé owó padà fún un, ẹnìkejì sì ń jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí iyè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ó ru ìrántí fún ẹni tí tirẹ̀ ṣú. Kì í ṣe pé kí ó dúró lókèèrè kí ó máa ka àṣìṣe rẹ̀.

Ní ti èmi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo tún mú ọ̀ràn náà bá a sọ, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. N kò bèèrè irú ìgbàgbé tí ó jẹ́.