Oníròyìn àti Orúkọ Ẹni tí Ó Bá A Sọ̀rọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ń kọ́ ọgbọ́n tí a fi ń bi ènìyàn léèrè tí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí olùdáhùn bá ní kí a má dárúkọ òun ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ní Àbújá, àwọn ọlọ́pàá ti Samuel Ogundipe, akọ̀ròyìn Premium Times, mọ́lé, kí ó lè dárúkọ ẹni tí ó fún un ní ìròyìn nípa ìwé tí ọ̀gá wọn kọ sí Adelé Ààrẹ. Kò dárúkọ. Ẹyin lohùn.

Àwọn kan ní olóòótọ́ kì í fara pamọ́. Wọ́n gbàgbé pé iṣẹ́ oṣù lè bọ́ lọ́wọ́ olóòótọ́. Ti òǹkàwé ló le: òpùrọ́ náà lè fi àìdárúkọ bojú. Ìdí nìyí tí akọ̀ròyìn fi gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí kejì kí ó tó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde.