Ìwòrì Méjì àti Àwo Orin Tí Ń Sùn Lórí Pẹpẹ

Ìbéèrè kan wà tí kò rọrùn láti bi ẹni tí ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbà pé òun fúnra rẹ̀ ti bi ara rẹ̀ rí: nínú gbogbo àwo orin tí ó tò sára ògiri ilé rẹ̀, tí ó náwó nára lé lórí, tí ó torí wọn rin ìrìn àjò, tí ó sì ń fi wọ́n han àlejò tayọ̀tayọ̀, mélòó ni abẹ́rẹ́ gírámafóònù fọwọ́ kàn láti ọdún tí ó kọjá títí di òní? Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó ní àwo gígùn 2,000, tí ó sì ń gbọ́ odidi ọ̀kan lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, yóò lo nǹkan bí ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ kí ó tó tún kan èyí tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú São Paulo, ní ilẹ̀ Brazil, Zero Freitas, ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì là, ti kó àwo tí a ń fi mílíọ̀nù kà jọ. Ní 2013 ni ó ra gbogbo àkójọ Paul Mawhinney, ará Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, mọ́ tirẹ̀. Bí a bá mú mílíọ̀nù kan péré nínú wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo ogójì ìṣẹ́jú, tí a kò sì pa ẹ̀rọ náà tọ̀sán-tòru, ọdún 76 ni yóò gbà kí á tó gbọ́ wọn tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

N kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ni ó ń mú ènìyàn kó nǹkan jọ, bí kò bá sì sí irú àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ orin àwọn baba wa ni ì bá ti bá ààtàn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní nǹkan fi nǹkan rẹ̀ ṣe, ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rìí Ìpín ni ó yẹ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ọ̀dọ̀ Òkìtìbìrí tí í pa ọjọ́ ikú dà, nítorí pé Ifá ti sọ̀rọ̀ tipẹ́ nípa ohùn ẹni tí kò sí nílé mọ́, àti ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ó kù nílé máa fi ohùn náà ṣe. Inú Ìwòrì Méjì, ẹ̀kẹta nínú ojú Odù mẹ́rìndínlógún, ni ìtàn náà wà.

Àwọn babaláwo sọ pé ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, tí gbogbo wọn sì jẹ ọba. Alárá wà nínú wọn, Ajerò wà nínú wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan tí baba ń ṣọdún, gbogbo wọn wá sí ilé rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n kí i ní àbọrú bọyè. Àfi Ọlọ́wọ̀ nìkan ṣoṣo ni ó dúró ṣánṣán, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tí ó bí i, pé bí baba ti dé adé ni òun náà dé adé, pé kò sí ohun iyì tí ó wà lára baba tí kò sí lára òun, kí ni yóò wá mú òun wólẹ̀? Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó sì ṣí kúrò láyé, ó gba òde ọ̀run lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayé dàrú: aboyún gbé oyún títí, oyún kò di ọmọ, odò gbẹ dé ìsàlẹ̀, oko kò mú nǹkan wá, ebi sì fojú ọba àti ẹrú gbolẹ̀ bákan náà. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, àwọn ọmọ kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá baba ní ìdí ọ̀pẹ olórí mẹ́rìndínlógún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá sílé. Ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń wá, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe ọmọ, àwọn ikin náà ni kí wọ́n máa bi.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí baba fi sílẹ̀ kì í ṣe adé, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ère tí a lè gbé sí iyàrá kí á máa wò. Èso ọ̀pẹ ni, èyí tí kò lè dá sọ̀rọ̀. Bí awo bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àfi kí ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sí ọwọ́ kan, kí ó fi ọwọ́ kejì gbá wọn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ilà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ilà kan, títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ tí Odù yóò sì yọjú lórí ọpọ́n. Ẹni tí a fún ní ikin, tí ó tọ́jú rẹ̀ sínú agere tí a gbẹ́ dáradára, tí kò sì jẹ́ fi ọwọ́ gbá a, èso ọ̀pẹ ni ó ní. Kò ní Ọ̀rúnmìlà. Mo sì rò pé ìdí nìyí tí Ifá fi sọ ẹ̀ṣẹ̀ Ọlọ́wọ̀ fún wa kí ó tó sọ nípa ikin rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ń ka ohun tí ó ní ni, níbi tí ó ti yẹ kí ó máa kí ẹni tí ó ni ín.

Ohun kan náà ni àwọn olórin tí ó ti lọ ṣe fún wa. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí ó kọ orin 43 sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní nǹkan bí 1922, papò dà ní 1930. Túndé King, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú jùjú dún ní Èkó, kọrin fún Parlophone ní 1936. Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ̀gbá, onísákárà, lọ ní 1978. Àyìnlá Ọmọwúrà, Anígilájé, tẹ̀lé e ní 1980. Àrúnà Ìṣọ̀lá, Bàbá Gàní Àgbà, àgbà alápàlà, sì re ibi àgbà ń rè ní 1983. A kò lè bẹ ọ̀kan nínú wọn kí ó padà wálé. Inú ilà tín-ín-rín tí ó yí ojú àwo po ni wọ́n fi ohùn wọn sí, ilà yìí kò sì ní nǹkan í sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi bí àwo bá ń yí tí abẹ́rẹ́ sì ń tọ̀ ọ́ lọ.

Ìgbà mélòó ni kí á wá máa lù ú? Àwọn àgbà ti dáhùn: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kì í ṣe ọjọ́ tí ìṣòro dé nìkan. Bí ara dá, bí ara kò dá, ọjọ́ náà ń bọ̀, awo yóò sì gbé ikin jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí fún olówó àwo. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi pé kò gbọ́ gbogbo wọn tán, nítorí pé awo pàápàá kò lè tẹ igba Odù ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ní ìjókòó kan. Ọjọ́ tí a yàn, tí a kì í yẹ̀, ni ó ṣe pàtàkì. Orin tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi jó ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò gbọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá sin ìyá rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó yí padà lára àwo náà.

Àwọn kan yóò sọ pé abẹ́rẹ́ ń jẹ àwo, òótọ́ sì ni dé ìwọ̀n kan. Àwọn àwo àtijọ́ tí ń yí lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ojú wọn kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n ń lò, èyí tí ó yẹ kí á pààrọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ojú kan bá parí. Bí wọ́n bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, wọ́n fọ́ nìyẹn. Èyí tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, àwo gígùn oníke, rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kan sì gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn onílù wa ráyè kọrin láìgé e sí wẹ́wẹ́. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì rẹ̀ kò wúwo ju gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta lọ. Eruku, oòrùn tí ń mú un ká kò, àti abẹ́rẹ́ tí ó ti gbó ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ti àwọn tí kò jẹ́ já ọ̀rá ara àwo nítorí pé èyí tí a kò tú rí ni ó ń pa owó jù, n kò lè sọ pé wọn kò ní àwíjàre rárá, nítorí pé Ifá alára ní ikin kẹtàdínlógún, olórí ikin, tí a kì í gbá pọ̀ mọ́ ìyókù, tí a ń gbé kalẹ̀ kí ó máa ṣọ́ wọn bí a ti ń tẹ Ifá. Nítorí náà, bí ilé ìpamọ́ kan bá gbé àwo kan pamọ́ láìfọwọ́kàn, nígbà tí ìkejì rẹ̀ ń dún, ó tọ́, ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ gbogbo ikin rẹ̀ di olórí ikin, kí ni yóò fi tẹ Ifá?

Ọ̀rọ̀ náà sì le lọ́dọ̀ tiwa ju bí ó ti le lọ́dọ̀ àwọn ará òkèèrè. Àwo sákárà àti àwo àpàlà kún fún orúkọ: ọlọ́jà kan níhìn-ín, olóyè kan lọ́hùn-ún, oríkì ìdílé wọn, ìyá tí ó bí wọn, àdúgbò tí wọ́n ti ń ná owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ náà tí yóò sọ pé òun mọ ilé rẹ̀, ó ti di arúgbó báyìí. Bí ó bá sì kú kí á tó fi àwo náà sórí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, a óò máa gbọ́ orin náà lọ, a kò sì ní mọ ẹni tí ó ń kì mọ́.

Nítorí náà, ìwọ tí baba rẹ fi àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún, tàbí ìwọ tí o fi owó ara rẹ rà wọ́n, mo bẹ̀ ọ́, yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí o má sì yẹ̀ ẹ́. Ra abẹ́rẹ́ tuntun. Fi aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò lójú àwo. Pe àgbà kan láti àdúgbò wá jókòó, bi í léèrè ẹni tí orin náà ń kì, ọmọ ta ni, ará ibo ni, kí o sì kọ èsì rẹ̀ sí ìwé kan tí ìwọ yóò fi sínú páálí àwo náà, kí ẹni tí yóò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lè kà á.