Ẹni Tó Sé Adìẹ Mọ́ Ti Jẹ Gbèsè

Ẹyin ti gbówó lórí, oúnjẹ ọjà sì ti di ohun tí a ń fura sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó fi ń ra òròmọdìẹ mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, tí baálé ilé tí kò fọwọ́ kan òòlù rí sì ń kan ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bi káfíńtà ni iye pákó tí yóò tó, bóyá páànù àlòkù lè ṣe é, àti iye wáyà tí yóò yí ọgbà náà ká. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí: bí ènìyàn bá sé ẹ̀dá abẹ̀mí mọ́ ojú kan, kí ni ó jẹ ẹ̀dá náà? Àwọn kan á ní kò jẹ ẹ́ ju oúnjẹ lọ. Àwọn mìíràn á ní àánú ni kó fi bá a lò. N kò gba ti àwọn tìṣáájú, n kò sì rò pé ti àwọn ìkejì tó. Àánú wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ó lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la. Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀, gbèsè sì ni ọ̀ràn ọgbà adìẹ. Ohunkóhun tí ọgbà wa bá gbà lọ́wọ́ adìẹ, àwa la gbọ́dọ̀ san án padà.

Ẹ wo adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri àdúgbò. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún un láàárọ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó ń yó. Ó ń tan ilẹ̀, ó ń ṣa ikán àti kòkòrò. Bí oòrùn bá mú, ó mọ abẹ́ igi tó tutù. Bí iná bá ń jẹ ẹ́ lára, á wá erùpẹ̀ gbígbẹ, á fi wẹ̀. Bí àkùkọ tó lágbára jù ú bá lé e, á sá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á fò sórí igi tàbí kó wọ inú àgò. Ẹni tó ni ín kò ṣe púpọ̀ fún un, a kò sì lè pè é ní ìkà, nítorí ohun tí adìẹ náà fi ń tọ́jú ara rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, tí a sì na wáyà yí wọn ká, gbogbo rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí a bù ni yóò mu. Ibòji tí a ṣe ni yóò wọ̀. Bí a kò bá ṣe é, kò sí. Ìpinnu tó jẹ́ tirẹ̀ ti di tiwa, ẹrù tó wà lórí ìpinnu náà sì ti di tiwa pẹ̀lú.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn tó ń sin Ọlọ́run. Nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Múslímù, àwọn tó kó hádíìsì jọ, jọ gbà wọlé, Ànábì sọ nípa obìnrin kan tó wọ iná nítorí ológbò tó sé mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá ohun tí yóò jẹ lórí ilẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀sùn náà. Wọn kò ní ó lu ológbò. Ilẹ̀kùn tó tì ló sọ àìfúnni-lóúnjẹ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, nítorí ológbò tó wà níta ì bá wá tirẹ̀ jẹ. Bíbélì gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Nínú Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 8, ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má bàa wà lórí ilé náà. Ènìyàn ni òfin yẹn ń dáàbò bò, àmọ́ òye inú rẹ̀ bá wa mu: ẹni tó kọ́ nǹkan ló ni ewu tí ohun tó kọ́ bá mú wá, ì báà má ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀, adìẹ oníka-ẹsẹ̀ márùn-ún ló tan erùpẹ̀ káàkiri orí omi títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ìtàn náà kò ṣòfin fún ẹni tó ń sin adìẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ mọ irú ẹyẹ tí adìẹ í ṣe: títan ilẹ̀ ni ìwà rẹ̀.

Bí a bá ti gbà pé gbèsè ni, ohun tí a gbà ni yóò sọ iye tí a ó san, iṣẹ́ káfíńtà á sì di ọ̀ràn ìwà. A gba ibòji: kí gígùn ilé náà lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa wọlé tààrà. Adìẹ kì í làágùn. Ó ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ ni, ooru abẹ́ páànù tó lọ sílẹ̀ jù sì lè pa á lọ́sàn-án gangan. A gba afẹ́fẹ́: kí ògiri mọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, kí wáyà gba òkè tó kù. Ìgbẹ́ adìẹ tó rin máa ń tú òórùn tó ń ta ojú àti imú, ìsàlẹ̀ níbi tí orí adìẹ wà ló sì ti ń mú jù. Ẹni tó dúró lè má gbọ́ ọ àfi tó bá lóṣòó. A gba igi tó ń sùn sí: kí ọ̀pá tí kò mì wà fún un. Bí adìẹ bá bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. A gba erùpẹ̀ ìwẹ̀: kí iyanrìn gbígbẹ àti eérú wà nínú àpótí. A gba kọ̀rọ̀ tó ń yé sí: kí àgbébọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìtẹ́ kan tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ní ti àyè, àwọn tó ń sin adìẹ sẹ́yìnkùlé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, 2 lóòró nínú ilé, kí ti inú ọgbà sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹni tó kó adìẹ mẹ́wàá sí àyè adìẹ mẹ́rin ti jẹ gbèsè tí oúnjẹ yòówù kò lè san.

Ẹnìkan lè ní mo ń da ọ̀rọ̀ rú: ààbò ni ọgbà ń fún adìẹ, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòdì wà lókè, ajá wà nílẹ̀, mọ́tò wà lójú títì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òròmọdìẹ tó ń jẹ̀ kiri ń kú púpọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà olójú ńlá tí wọ́n ń tà lọ́jà lè dá adìẹ dúró sínú láìlè dá ejò dúró síta, ajá tí ebi ń pa sì lè fà á ya. Adìẹ tó sùn sórí igi ní ibi tí yóò fò sí bí ewu bá dé lóru. Èyí tí a ti mọ́ inú àpótí kò ní, bí ìjàlọ bá sì ya bò ó, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Nítorí náà, ọgbà tí kò lágbára burú ju àìsí ọgbà lọ: ó ti gba sísá lọ́wọ́ adìẹ, kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ààbò jàre gbọ́dọ̀ wá wáyà olójú wẹ́wẹ́, bí ìlàjì ínǹṣì, kó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀, kó sì fi ìkọ́ tó le sí ilẹ̀kùn. Ó tún jẹ wọ́n ní àjẹsára lùkúlùkú, nítorí àìsàn náà yára ràn láàárín adìẹ tó fún mọ́ra, àwa la sì fún wọn mọ́ra.

Àtakò kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní fi ènìyàn jọba lórí ẹyẹ àti ẹran. Pọ́ọ̀lù pàápàá bèèrè nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 9 bóyá nítorí màlúù ni Ọlọ́run ṣe ń sọ̀rọ̀. Immanuel Kant, onímọ̀ èrò ọmọ Jámánì, ní a kò jẹ ẹranko fúnra rẹ̀ ní ojúṣe kankan. Ẹni tó bá hùwà ìkà sí i ń ba ìwà ara rẹ̀ jẹ́ ni, yóò sì hu ú sí ènìyàn. Yàtọ̀ sí èyí, ṣebí a ó pa adìẹ náà jẹ nígbẹ̀yìn. Lójú tèmi, Kant rí ìdajì. Kí ló dé tí ìwà ẹni tó ń dá adìẹ lóró fi ń bàjẹ́, tí ti ẹni tó ń la igi kì í bàjẹ́? Ìdí ni pé adìẹ ń jẹ̀rora, igi kì í jẹ ẹ́. Jeremy Bentham, onímọ̀ èrò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti tọ́ka sí èyí ní 1789, nígbà tó ní ohun tó yẹ ká bèèrè nípa ẹranko ni bóyá ó lè jìyà. Jíjọba kò sì pa gbèsè rẹ́. Òun gan-an ló ń dá a sílẹ̀, nítorí agbára alákòóso ló sọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára. Ní ti pípa, Ànábì ní kí ẹni tó ń pa ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ara rọ ẹran náà. Ẹ̀sìn tó ń ṣòfin lórí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kò lè fojú fo àwọn oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Bí ikú tó ń bọ̀ bá sọ ayé di asán, tiwa náà ti di asán.

Ó ku àwáwí àìmọ̀ àti àìlówó. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ní òun kò mọ̀. Òfin orí òrùlé ti dáhùn: kò bi òpè tàbí ọ̀mọ̀ràn, ẹni tó kọ́lé ló bi. Àìmọ̀ sì ní oògùn, ìyẹn ni kí ènìyàn fi adìẹ mẹ́ta kọ́ṣẹ́ kó tó kó mẹ́wàá dé. Ní ti owó, iyanrìn, eérú, ọ̀pá àti ibòji kò wọ́n. Wáyà olójú wẹ́wẹ́ nìkan ló gbówó lórí, àyè kékeré kò sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé bí ó bá ṣòro tó báyìí, òun ó kúkú máa ra ẹyin lọ́jà, kó má rò pé òun ti bọ́. Àgbébọ̀ tó yé ẹyin yẹn náà wà níbì kan tí a sé e mọ́, owó ẹni tó ń rà á ló sì ń bá àwọn tó sé e mọ́ ra wáyà. Gbogbo àwa tó ń jẹ ẹyin la jọ jẹ gbèsè yìí. Ẹni tó kan ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé ló kàn ní àǹfààní àtirí iye tó jẹ, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án.