Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Gbóná Kí N Tó Dé

Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà, létí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, téèyàn bá ti kọjá Ìyànà Ìbà díẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tètè dé ni. Mẹkáníìkì mi ti sọ fún mi pé bí ọkọ̀ bá ní àṣírí, àárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ló máa ń tú u. Bí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì bá ti rọ̀, ìgbà yẹn ló máa ń dún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ ọ́ìlì, ìgbà yẹn ni èéfín búlúù máa ń yọ nídìí sàlẹ́ńsà. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì Highlander 2010 tí mo wá wò. Ó ti gbóná.

"Ṣé ẹ ti ṣáná sí i ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi. Mo ní kí n jẹ́ kó mí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ wọlé, AC ẹ̀ ń mú bíi yìnyín. Buy and drive ni."

Mo wọlé. A wà á dé Ìjanìkin, a ṣẹ́rí padà. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn ún wà. Corolla tí mo ti ń wà láti ọjọ́ yìí, kòtò kan kì í pa mọ́ fún ìbàdí ẹni nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n jíìpù yìí kàn ń gbé wa fò wọn ni. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ló ní. Ọmọ mẹ́ta ni èmi àti ìyàwó mi bí, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa, orúnkún wọn kò sì gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré mọ́. Lọ́kàn mi, mo ti pín ìjókòó fún kálukú kí a tó padà dé Òkokomáíkò.

Nígbà tí a padà dé ọgbà, mo fa scanner mi yọ. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí èèyàn lè ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ̀, kí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lè sọ ohun tó ń ṣe é. Kò sí code kankan. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ software ni mo ń ṣe, bí mo bá sì rí log tó mọ́ tónítóní lórí server tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan, ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Mo wo ojú ewé kejì, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń kọ àwọn àyẹ̀wò tó ń ṣe fún ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì parí. Ohun tó sábà máa ń fa ìyẹn ni pé ẹnìkan ti pa gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ́ láìpẹ́, tàbí pé wọ́n ti yọ wáyà bátìrì, tí wọn ò sì tíì wa ọkọ̀ náà tó láti ìgbà yẹn kí àyẹ̀wò náà tó lè parí. Iná Check Engine ti wà níbẹ̀. Wọ́n pa á kí n tó dé, bí wọ́n ṣe gbóná ẹ́ńjìnnì kí n tó dé.

Mo sọ fún un. Kò bínú, kò sì ṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá mi, ẹ ò bi mí."

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn ti ń bá mi gbé. Ẹ ò bi mí. Ṣé olùtajà jẹ olùrà ní gbèsè ọ̀rọ̀ tí olùrà kò béèrè?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, Cicero, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé ará Róòmù, fi í sínú ìwé tó kọ sí ọmọ rẹ̀ nípa ojúṣe ẹ̀dá. Ó ní kí a rò ó pé ìyàn mú ní erékùṣù Rhodes. Oníṣòwò kan kó ọkà dé láti Alẹkisáńdíríà. Ó mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ojú omi mìíràn tó kún fún ọkà ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ṣé kó sọ fún àwọn ará Rhodes ni, kí ọjà rẹ̀ já wálẹ̀, àbí kó dákẹ́ kó tà á ní ọ̀wọ́n? Ó fi onímọ̀ méjì, ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kojú ara wọn. Diogenes tó jẹ́ ọ̀gá ní kí olùtajà sọ àléébù tí òfin bá ní kó sọ, kó má parọ́, kó sì tajà rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kéèyàn dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni kó fi nǹkan pamọ́. Antipater tó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ní rárá, pé ohunkóhun tí olùtajà bá mọ̀ ni kí olùrà náà mọ̀. Ti Antipater ni Cicero gbè.

Èmi náà gbè é, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò ṣòro láti gbè é nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ ra ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ti ọkùnrin yẹn náà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń tà. Ẹ wo orúkọ tí a fún un ná: orúkọ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi tí wọ́n gbé wá sílé ni à ń pè ní Tòkunbọ̀, kò sì sí ìdílé tí wọ́n ti ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan kò mọ ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní tirẹ̀, ìtàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Nọ́ńbà 17 wà lára rẹ̀, lẹ́tà àti òǹkà, tí èèyàn lè fi wá ìtàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó bá lówó láti san. Mo san án. Ìtàn Highlander yẹn parí ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e tà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ dé Ìyànà Ìbà, òkùnkùn ni. Ó lè jẹ́ èbúté Èkó ló gbà wọlé, ó sì lè jẹ́ Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ lọ.

Lójú títì yìí kan náà, ní Ọjọ́, ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Ìjàpá ni àwọn bàbá wa ń pe Beetle tó ń jáde níbẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo. Títí dòní, bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti Mile 2 ṣì ń pe "Volks! Volks!" níbẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà náà mọ ilé tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wá, ó sì mọ ẹnu ọ̀nà tí òun máa lọ kàn bó bá bàjẹ́. Àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ kò mọ ẹnu ọ̀nà kankan. Ìdí nìyẹn tí "ẹ ò bi mí" fi rọrùn láti sọ.

Ohun tí mo wá rí nínú ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn tí mo ti ro ó títí, ni pé ìbéèrè ní owó tirẹ̀. Mo lè bi í léèrè nítorí pé mo ní scanner, mo sì mọ ojú ewé kejì tí mo gbọ́dọ̀ wò. Mo lè sanwó ìtàn nọ́ńbà ọkọ̀. Mo lè fún mẹkáníìkì lówó kó tẹ̀ lé mi. Bí òfin ọjà bá jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè nìkan ni a ó sọ fún, a jẹ́ pé ẹni tó ní lọ́wọ́ ni a óò máa sọ òótọ́ fún, ẹni tí kò ní ni gbogbo irin bíbàjẹ́ máa já lé lórí.

Ibí yìí ni mo bá dé, tí inú ara mi ń dùn sí mi, kó tó di pé Corolla tèmi wọ ọ̀rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ tà á kí owó jíìpù tó lè pé. Corolla 2005 ni, ó dára, àfi jíà rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkankan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nínú hold-up fún bíi ogójì ìṣẹ́jú, bó bá fẹ́ bọ́ sí jíà kẹta, á kọ́kọ́ rò ó ná, á wá ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọmọkùnrin kan láti Ìbà pè mí, ó ní òun fẹ́ fi ṣe táksí orí fóònù. Ó béèrè ìgbà tí òun lè wá wà á wò.

Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú, aago méje àárọ̀. Títì á ti dá."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rí i pé ìyàwó mi ń wò mí.

"Dádì Mofẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ aago méje?"

Mo ní nítorí go-slow ni. Kò dáhùn. Ó ti jókòó nínú ọkọ̀ yẹn nígbà tó ń ta gìrì lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ọkùnrin Ìyànà Ìbà gbóná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí pé òtútù ló máa tú àṣírí rẹ̀. Èmi ń wá àkókò tí ọkọ̀ tèmi máa tutù nítorí pé ooru ló máa tú tèmi. Ẹnu mi sì ti dáhùn kí orí mi tó mọ̀.

Ó dé ní Ọjọ́ Àìkú náà, òun àti mẹkáníìkì rẹ̀. Wọ́n wà á, inú wọn dùn. Ó ń ka owó lọ́kàn, mo rí i lójú rẹ̀. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ jíà fún un. Mo ní mo máa yọ 350,000 náírà sílẹ̀ kó fi tún un ṣe.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo mẹkáníìkì rẹ̀, mẹkáníìkì wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, màá pè yín." Kò pè. Nígbà tí mo pe mẹkáníìkì náà, ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá lè fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ jíà, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti kú.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ ẹ ní ọdún 1970, ọkọ̀ àlòkù ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ mẹ́ta ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní 2001 ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nídìí iṣẹ́ náà. Ó ní bí olùrà kò bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tó dára àti èyí tí kò dára, iye tí kò ga kò rẹlẹ̀ ló máa fi lọ gbogbo wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára kò ní gbà, á gbé tirẹ̀ kúrò lọ́jà. Àwọn tí kò dára ló máa ṣẹ́kù. Ó sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀. Èmi ti rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu: níbi tí gbogbo èèyàn bá ti ń pa nǹkan mọ́, ẹni tó bá ṣí tirẹ̀ sílẹ̀, ṣe ni wọ́n á máa wá ohun tó tún ku lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

Nítorí náà mi ò lè fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọkùnrin Ìyànà Ìbà mọ́ bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ń san owó ilẹ̀, ó lọ́mọ nílé ìwé. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń sọ òótọ́ ní gbogbo ìlà yẹn, ọgbà rẹ̀ máa dí ibi ìpàǹtí kí ọdún tó parí. Síbẹ̀ mi ò lè gbà pé ó dákẹ́ lásán. Ẹni tó jí ní aago mẹ́fà kó lè gbóná ẹ́ńjìnnì kò dákẹ́. Iṣẹ́ ló ṣe. Èmi tí mo ní "aago méje" náà kò dákẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni Diogenes ti yọ̀, tó bá ṣe pé òótọ́ ni dídákẹ́ yàtọ̀ sí fífi pamọ́. Olùtajà tó bá dákẹ́, ọjà rẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀. Àwa di ọjà wa lẹ́nu.

Àwọn ààfáà máa ń sọ ìtàn kan nípa Ànábì Muhammad. Wọ́n ní ó dé ọjà, ó ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan tó gbẹ lókè, ìka rẹ̀ kan omi nísàlẹ̀. Olóúnjẹ ní òjò ló pa á. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn náà ni pé kò ní kí ọkùnrin náà máa kéde kiri ọjà. Ibi tó gbé oúnjẹ sí ló bi í.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ni nítòsí wa ní Ìjanìkin pè mí nítorí Corolla náà. Ohùn àgbà ni, mo sì kí i bí ẹni kí ìyá. Ó béèrè ìgbà tí òun lè wá wà á wò.

"Ọjọ́ Ẹtì, mà, aago méjì ọ̀sán. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání. A máa wà á dé Òkokomáíkò, a máa wà á padà."

"Aago méjì? Nínú ooru yẹn? Hold-up á mà pọ̀ níbẹ̀ o, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà."